Ìgbàgbọ́ Tòkúnbọ̀

Orí tíréènì ni mo ti ka ìwé náà tán, tìbínú-tìbínú. Láti Whitby tí à ń gbé dé ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láàárín ìlú Toronto, ìrìn àjò náà gùn tó kéèyàn fi kàwé, àmọ́ oorun làwọn tó kù máa ń fi í sùn. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ò sùn. Mò ń bá pásítọ̀ òyìnbó kan jà nínú ìwé, mò ń kùn sí i lábẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá burúkú! Ọmọ ẹ nìyẹn o! Ọmọ ẹ nìyẹn!" Ọkùnrin tó jókòó kọjú sí mi yọ ohun tó fi sétí, ó béèrè bóyá nǹkan ń ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan, ìwé ni. Ó na tíṣù sí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹkún ni mò ń sun.

Èmi kọ́ ni mo yan ìwé yẹn, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn mi, ló ń kọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì. Dókítà ni èmi àti bàbá ẹ̀ ń retí, a sì ti gba kámú. Ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Victorian fiction, ìyẹn àwọn ìtàn àròsọ tí àwọn òyìnbó kọ nígbà tí ọbabìnrin wọn kan pẹ́ lórí ìtẹ́ títí tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe gbogbo àsìkò náà. Mo rò pé ìwé ìfẹ́ lásán ni, ti àwọn obìnrin tó wọ aṣọ gbọọrọ gbálẹ̀, tí wọ́n ń wá ọkọ olówó. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tí ìgbàgbọ́ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn ló gba ọkàn ọmọ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n tẹ̀lé e, kí n lè rí ohun tí màá fi bá a jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á wà tí wọ́n ti fẹ́ sọ di pásítọ̀. Á mú òòlù kékeré, á gun òkè lọ fọ́ òkúta, á rí ìkarahun ẹran omi nínú ẹ̀, níbi tí òkun ò dé. Á wá máa bi ara ẹ̀ léèrè pé, báwo ni ilẹ̀ ayé yìí ṣe dàgbà tó? Kó tó mí délẹ̀, ẹlòmíì á dé tòun ti ọ̀rọ̀ pé bàbá ńlá kan náà ló bí èèyàn àti ọ̀bọ. Ẹlòmíì tún á ní àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń yẹ Bíbélì wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé àtijọ́ èyíkéyìí wò. Ó parí! Oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun ọmọkùnrin wa mọ́. Á rù, á máa wúkọ́, á máa rìn kiri nínú òjò. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á máa wo òde. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ń rẹ́rìn-ín! Mo bi ọmọ mi pé ṣé àwọn èèyàn yìí ò ní ẹ̀gbọ́n tó lè gbé oúnjẹ síwájú wọn ni. Ó ní, "Mummy, that's not the point." Gbólóhùn tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn.

Èyí tí mo kà lórí tíréènì ló burú jù. Ọmọ pásítọ̀ abúlé etí òkun kan ni. Wọ́n ti rán aṣọ oyè pásítọ̀ fún un, ó wá ní gbólóhùn kan wà nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ẹnu òun ò lè sọ mọ́, nítorí ohun tí òun ti rí nínú òkúta. Bàbá ẹ̀ ò bi í ní nǹkan kan. Ó ní kó jáde nílé òun. Wọn ò tún fojú kan ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá, ọmọ dé, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́ igi lẹ́yìn ògiri ló dúró sí, ó ń gbọ́ orin. Ibi tí ọkùnrin yẹn ti fún mi ní tíṣù nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ìwé lásán ni mò ń sunkún lé lórí ò mọ ohun tó wà nílé mi. Ìyá mi ti dé láti Ìbàdàn fún ìrìbọmi ọmọ yìí. Gbogbo ọmọ-ọmọ wọn ló ti ṣèrìbọmi lójú wọn, òun nìkan ló kù. Wọ́n ti sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé bí àwọn bá ti rí ti èyí, àwọn ti parí iṣẹ́. Bí ìyá mi bá sọ pé àwọn ti parí iṣẹ́, àyà mi máa ń já. Agbára ò sí lára wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tún lè wọ bàálù wá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lágbègbè Jane and Finch, ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi á dúró sínú omi tó mu ún dé ìbàdí, pásítọ̀ á bi í lójú gbogbo ìjọ pé, "Ǹjẹ́ o gbàgbọ́?" Á dáhùn pé, "Mo gbàgbọ́." Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó rì í. Ọmọ mi sọ fún mi nínú mọ́tò, lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé e ní ibùdó tíréènì, pé òun ò lè sọ ọ́.

"O ò lè sọ kí ni?"

"Mo gbàgbọ́."

"Ṣebí o ti sọ ọ́ yìí!"

Ẹ dákun, bí inú bá ń bí mi, mo máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Ó ní òun ò fẹ́ dúró nínú omi kóun máa parọ́ fún Ọlọ́run. Mo ní, "Ọlọ́run wo? Èyí tí o ò gbàgbọ́?" Ó ní òun ò sọ pé òun ò gbàgbọ́, òun sọ pé òun ò mọ̀ ni.

Wàhálà èdè wa nìyẹn. Onígbàgbọ́ ni orúkọ tí a fún ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tó o bá wá ní o ò gbàgbọ́, o ti palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́ nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn kèfèrí lo forí lé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà láàárín ilé méjèèjì, mo sì fi ìbínú jù ú lu ọmọ mi, bí mo ṣe ń wa mọ́tò lọ tí wáípà ń ké lójú gíláàsì: "Ò ń ṣiyèméjì ni! Iyè ẹ ti pín sí méjì!" Ó ní kí n tún un sọ. Inú ẹ̀ dùn sí i. Ó ń lá a lẹ́nu bíi súìtì, "iyèméjì, iyèméjì," ohùn ẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe wù ú. Ó ní ohun tí òun máa sọ fún Grandma nìyẹn. Mo ní kó má dán an wò.

Ẹ̀yin ò mọ ìyá mi. Tíṣà bàólọ́jì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin kan n'Ìbàdàn. Òyìnbó tí wọ́n fi ń kọ́ni nígbà yẹn, èèyàn á rò pé orí rédíò ni. Àmọ́ wọ́n ní àwọn ti fẹ̀yìntì nínú ìyẹn náà. "Mo ti fi òyìnbó ṣiṣẹ́ ìjọba tán, ó tó gẹ́ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ sọ òyìnbó. Tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ gidi, ẹ sọ Yorùbá fún mi." Òfin tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ mi nìyẹn. Bí ọmọ bá fi òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n á máa wò. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn Whitby ṣá. Ilé tuntun lọ bẹẹrẹ ládùúgbò wa, àmọ́ gbogbo èèyàn ló wà nínú mọ́tò, kò sí ẹsẹ̀ kan lójú títì. Ìyá mi á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé èèyàn ń gbé inú àwọn ilé yìí?"

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ ìrìbọmi pé, mo ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gba ẹnu ọ̀nà gáréèjì wọlé tèmi ti àpò ìrẹsì. Ìyá mi ń dín dòdò ní kíṣìnnì. Ọmọ mi dúró tì wọ́n, ó ti ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

"Grandma, mo ní ọ̀rọ̀ gidi."

"Mò ń gbọ́."

"Grandma, mo ní ìyá méjì."

Mo dúró gbagidi. Iyèméjì ló fẹ́ sọ, mo mọ̀. Àmọ́ ẹnu ọmọ Kánádà ti ṣí "è" sílẹ̀ di "á", ohùn ẹ̀ sì ti gun òkè àjà lọ. Òróró ń pariwo nínú páànù. Ìyá mi yí padà pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ojú wọn ti rọ̀.

"Ìyá méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Grandma. Ó ti pẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún yín."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ ni mo ti mọ̀!"

Ọmọ mi la ẹnu sílẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n bí mi? Ẹ ò bínú?"

"Kí ni mo fẹ́ máa bínú sí? Ẹni tó ní méjì ló ṣe oríire! Èmi tí ò ń wò yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì pàdánù ẹ̀ nígbà tí mo kéré sí ẹ. Ojú mi rí màbo." Omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n gbá a mọ́ra, ṣíbí ń kán òróró sílẹ̀. "Di méjèèjì mú dáadáa. Má jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi sáré bá mi lókè, ó ń fò sókè sódò. "Mummy, she knew! And she lost hers too!" Ó ní òun ò mọ̀ pé Grandma jinlẹ̀ tó báyìí, pé nínú gbogbo ìwé tí òun ti kà, kò sí ìyá àgbà kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lanu kí n sọ òótọ́, ẹ̀rín ló jáde. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìbẹ̀rù ló kù. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti ìsàlẹ̀, wọ́n ń bá àbúrò wọn n'Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Ọmọ náà ní ìyá méjì lòun ní o! Èmi àti ìyá ẹ̀! Ọmọ tí wọ́n bí sí Kánádà!" Ẹni méjì ń yọ̀ nínú ilé mi, kálukú ló ń yọ ayọ̀ tiẹ̀, ọ̀kan ò mọ ti èkejì. Ta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bà nínú jẹ́? Mo lọ jẹ dòdò.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni aṣírí tú. Ìyá mi ń lọ aṣọ funfun kan ní pálọ̀, èmi ń ká aṣọ. Ọmọ mi wọlé, ó béèrè ẹni tó ni ín.

"Ta tún ni, bí kì í bá ṣe ìwọ? Ṣé ọ̀tunla kọ́ ni?"

"But Grandma, I told you."

Wọ́n yíjú sí tẹlifíṣọ̀n. Kò tiẹ̀ sí nǹkan kan lórí ẹ̀. Ó rántí òfin, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. "Grandma, mo ti sọ fún yín. Mo ní ìyá méjì. Mi ò lè sọ pé mo gbàgbọ́."

"Kí ni ìyá méjì fi kan ìgbàgbọ́?"

Wọ́n wo ara wọn títí. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo ní, "Màmá, iyèméjì ló ń sọ láti ọjọ́ yẹn. Iyè. Kì í ṣe ìyá."

Ìyá mi gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Mo ti ń gbára dì fún ariwo. Àmọ́ tíṣà ni wọ́n, tíṣà ló sì kọ́kọ́ dáhùn.

"Iyè. Re, dò. Sọ ọ́."

"Iyá."

"Kì í ṣe ìyá! Ìyá ẹ ló ń ká aṣọ lọ́hùn-ún yẹn! Re, dò. Má la ẹnu bẹ́ẹ̀ yẹn. Iyè."

"Iyè."

"Méjì. Mí, dò."

"Méjì."

"So wọ́n pọ̀. Fi wọ́n ṣe gbólóhùn."

Ọmọ mi dúró ṣinṣin. Ó ní, "Mò ń ṣiyèméjì."

Ó já gaara! Kò tíì sọ Yorùbá tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi mi orí, wọ́n ní, "Ó dáa," bí ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì. Ìgbà yẹn ni ìtumọ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wọn. Wọ́n fọwọ́ wá àga, wọ́n rọra jókòó.

"Lórí kí ni?"

Ọmọ mi sọ ọ́. Yorùbá díẹ̀, òyìnbó púpọ̀, lọ́jọ́ yẹn wọn ò wo tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ nípa ọjọ́ orí ilẹ̀ ayé, nípa òkúta, nípa àwọn ọmọ pásítọ̀ inú ìwé tí wọn ò lè sùn. Ó wá sọ ohun kan tí èmi gan-an ò rò rí. Ó ní ìgbà tí àwọn òyìnbó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó Bíbélì bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wa, ìgbà náà gan-an ni àwọn ọmọ wọn nílé ń kọ àwọn ìwé yìí, tí wọ́n ń béèrè bóyá òótọ́ ni.

"Àsìkò kan náà?" ni ìyá mi béèrè.

"Àsìkò kan náà, Grandma."

"Wọ́n kó ìgbàgbọ́ ránṣẹ́ sí wa, wọ́n fi iyèméjì pa mọ́ sílé?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Grandma."

Ìyá mi ro ó wò. "A jẹ́ pé tòkúnbọ̀ ni wọ́n tà fún wa."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbá mi mú débi tí mo fi jókòó lé aṣọ tí mo ti ká. Ọmọ mi béèrè ohun tí tòkúnbọ̀ jẹ́, mo ní mọ́tò àti fíríìjì tí òyìnbó ti lò kí wọ́n tó kó o wá fún wa. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ṣebí tòkúnbọ̀ ló máa ń lálòpẹ́ ju tuntun lọ. Fíríìjì tòkúnbọ̀ tí mo rà kí n tó bí ìyá ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn." Wọ́n dìde, wọ́n ká aṣọ funfun náà sí apá, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu mi mọ́ nígbà tí mo wọlé tọ̀ wọ́n. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ wà lórí itan wọn. Wọ́n ní, "Ó dùn mí. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ó dùn mí wọ egungun." Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Mo bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí n wá tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn kí àwọn máa lọ. Mo bẹ̀rù pé ọmọ mi á lọ sọ "mo gbàgbọ́" nítorí àánú wọn, kó má sì dárí jì wá láé. Torí pé mi ò mọ ohun míì tí màá ṣe, mo sọ ìtàn ọmọ pásítọ̀ yẹn fún wọn, látorí òòlù dé abẹ́ igi. Wọ́n gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.

"Ọmọ náà ò wọlé?"

"Kò wọlé, Màmá. Ó ń gbọ́ orin láti ìta."

"Bàbá yẹn bi í léèrè ohun tó rí nínú òkúta?"

"Kò bi í rárá."

"Ó mà ṣe o," ni wọ́n wí. Wọ́n wá ní kí n jáde, pé àwọn fẹ́ sinmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sídìí tíì, wọ́n bi ọkọ mi bíi pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni: "Bàbá àwọn ọmọ, níbo lèèyàn ti lè rí òkúta tó ní ìkarahun nínú ní ìlú yín yìí?" Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò ní Oakville ni ọkọ mi ń ṣiṣẹ́. Ó ní odò kékeré kan wà lọ́hùn-ún tó ń ṣàn wọ adágún, pé òkúta ibẹ̀ tò léra bíi búrẹ́dì tí wọ́n ti gé, pé òun ti rí irú ẹ̀ rí. Ìyá mi ní kí n gbé mọ́tò, kí n pe ọmọ mi. Òjò ìrì dídì ti lọ tipẹ́, àwọn èèyàn ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, síbẹ̀ ìyá mi wọ jákẹ́ẹ̀tì ọ̀gìnnìtìn lé ìró àti búbà, wọ́n tún wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

A fi wọ́n jókòó sórí igi kan tó wó sétí omi, èmi àti ọmọ mi ń ṣí òkúta. Ẹ̀yìn ń ro mí, mò ń ṣépè fún gbogbo ọmọ pásítọ̀ tó gbé òòlù rí. Ọmọ mi ló rí i. Ó kéré, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìlà ara ẹ̀ hàn kedere nínú òkúta aláwọ̀ eérú. Ó kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ tútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi. Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Háà! Ìwọ rèé!" Òkúta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Mo yà ẹ́ sójú bọ́ọ̀dù títí ṣọ́ọ̀kì fi ń tán lọ́wọ́ mi. Mi ò fojú kàn ẹ́ rí!" Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń fi ìka tọ́ gbogbo ìlà ẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ apá kọ̀ọ̀kan lóyìnbó, òyìnbó orí rédíò yẹn. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Grandma, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí, ẹ tún lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Monday sí Friday, iṣẹ́ ìjọba. Sunday, iṣẹ́ Ọlọ́run. Saturday, mò ń fọṣọ."

A rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, lẹ́yìn náà wọ́n wo omi lọ títí. "Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí." Wọ́n yíjú sí i. "Ṣé o ṣì ń gbàdúrà?"

"Nígbà míì."

"Sí ta?"

"Mi ò mọ̀, Grandma."

"Máa gbà á lọ. Ẹni tó ń gbọ́ mọ ara ẹ̀." Wọ́n wá gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ wẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún èmi náà. "Ó dùn mí o. Má rò pé kò dùn mí torí pé mò ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ má parọ́ nínú omi. Mi ò wá láti Ìbàdàn wá gbọ́ irọ́."

Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń padà bọ̀, wọ́n pe pásítọ̀ fúnra wọn. "Pásítọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ò ní wọ omi lọ́la. Rárá, ara ẹ̀ le. Rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ẹ̀mí kẹ̀? Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀, ẹ fi ẹ̀mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní òun ò tíì mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa rántí ẹ̀ ládùúrà, kí ẹ sì máa rántí èmi náà." Wọ́n fi fóònù sínú báàgì. Mò ń wo ojú ọ̀nà, nítorí pé bí mo bá wò wọ́n, mo máa sunkún, ojú títì Toronto kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń sunkún wa mọ́tò.

Ọmọ mi ò fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sunday. Ojú àwọn èèyàn ló ń bẹ̀rù. Ìyá mi ní kí ó lọ wẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ tuntun tí wọ́n rán torí ọjọ́ náà, wọ́n ní ṣé kí àwọn gbé e fún kòkòrò jẹ ni. A jókòó sí ìlà kejì láti iwájú, ìyá mi láàárín, èmi lápá kan, ọmọ mi lápá kejì. Àwọn ọmọ yòókù wọ aṣọ funfun, wọ́n tò sétí omi, eyín wọn ń pa kẹ̀kẹ̀ nínú òtútù. Àwọn tó mọ̀ wá ń wo ọmọ mi, wọ́n ń wo aṣọ tó wọ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Ó tẹ orí ba. Mo fẹ́ yí padà kí n bi wọ́n bóyá ojú ń dùn wọ́n ni, àmọ́ ilé Ọlọ́run la wà.

Pásítọ̀ wọ inú omi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sẹ́nu, wọ́n ní, "Kí gbogbo òbí àti òbí àgbà àwọn tó ń ṣèrìbọmi lónìí dìde."

Àwọn àga ń dún káàkiri. Àwọn ìyá àgbà ń dìde pẹ̀lú gèlè wọn, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, fóònù ń ya fọ́tò. Ìyá mi jókòó. Díákónì obìnrin kan tó mọ̀ wọ́n tẹ̀ síwájú láti ìlà ẹ̀yìn, ó fọwọ́ tọ́ wọn léjìká wẹ́rẹ́, bóyá ó rò pé wọn ò gbọ́. "Màmá, ẹ̀yin náà kẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ dìde."

Wọn ò yíjú padà. Wọ́n fa ọwọ́ ọmọ mi sórí itan wọn, sórí aṣọ tuntun yẹn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Mo jókòó ti ọmọ mi ni," ni wọ́n wí.

Èmi tí mo ti ń dìde bọ̀, mo padà jókòó.